Mọ́ínmọ́ín tí kò dì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè, láti Èbúté-Mẹ́tà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí màmá àgbà wa ṣe ń ṣe é ni mo ṣe ń ṣe é: ẹ̀wà olóyin agolo mílíìkì mẹ́rin, tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà méjì, àti "omi díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dáa". Lẹ́yìn wákàtí kan lórí iná, ìsàlẹ̀ á le, òkè á rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, omi á dá dúró lé e lórí. Níbo ló ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Inú "omi díẹ̀díẹ̀" yẹn ni ẹjọ́ wà. Ojú ni màmá fi ń wọn omi, ojú wọn sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin, ẹ fi agolo kan náà tí ẹ fi wọn ẹ̀wà wọn omi pẹ̀lú. Fún ẹ̀wà agolo mẹ́rin, kí omi ìlọta àti omi ẹran tàbí ẹja tí ẹ máa fi pò ó má kọjá agolo márùn-ún lápapọ̀. Òróró agolo kan wà lọ́tọ̀. Ẹ fi omi agolo méjì ààbọ̀ lọ̀ ọ́, kí ẹ máa da ìyókù sí i bí ẹ ṣe ń pò ó. Kí omi ẹran náà lọ́ wọ́rọ́wọ́ ni. Tó bá ń hó, ẹ̀wà á jinná nínú abọ́, á sì di kókó.

Omi tún wà níbi tí a kì í kà á sí. Ẹ̀wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi gbọ́dọ̀ wà nínú asẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Tàtàṣé náà lómi lára. Ní ti tòmátò, a ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú mọ́ínmọ́ín. Tó bá jẹ́ àṣà ilé yín, ẹ yọ ìdajì agolo kúrò nínú omi.

Ẹ fi ìgbakọ wò ó. Ó yẹ kó máa ṣàn kúrò lára ìgbakọ bíi kọ́sítáàdì tó ki, kó sì bo ẹ̀yìn ìgbakọ. Tó bá ń já bọ́ ní ṣùrù-ṣùrù, ti àkàrà nìyẹn.

Àmọ́ omi nìkan kọ́ ló ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ pínyà. Ẹ̀wà tí kò kúnná máa ń rì sílẹ̀, omi á sì léfòó. Ẹ fi ìka méjì ra á. Tó bá ṣe bíi yanrìn, ẹ dá a padà sínú bílẹ́ńdà. Lẹ́yìn tí ẹ bá bó ẹ̀wà tán, ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sí méjì kó lè rọ̀, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin dípò kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá lọ tó sì di ti ẹlẹ́rọ ọjà, ẹ jẹ́ kó fọ ẹ̀rọ kó tó da tiyín sí i, kí ẹ sì bu omi fúnra yín. Àwọn ẹlẹ́rọ kì í ṣahun omi; bó bá ti ń yára ṣàn jáde, inú wọn dùn.

Lákòótán, ẹ máa ro ó láti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bu ìgbakọ kọ̀ọ̀kan, ìgbakọ kọ̀ọ̀kan o, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà: Tó bá ti ṣàn jù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má da fúláwà sí i, á di gọ́gọ́. Ẹ gbé e sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ rọra bu omi tó bá léfòó kúrò, kí ẹ tún un pò. Ẹyin tútù méjì tí ẹ lù dáadáa náà á ràn án lọ́wọ́ láti dì.

Ìbéèrè, láti Mushin: Ewé mi máa ń jò, ìdajì mọ́ínmọ́ín á wà nínú omi ìkòkò.

Ìdáhùn: Ewé tó ti gbẹ díẹ̀ máa ń ya níbi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ. Ẹ gé igi ìdí ewé eéran náà, ẹ fọ̀ ọ́ tẹ̀yìn tinú, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan kó lè rọ̀. Ewé méjì ni fún ẹyọ kan, kí ìdí ọ̀kan kọjú sí orí èkejì. Ẹ ká a bí àrọ, ẹ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì di ibi tí ẹ ṣẹ́ náà mú bí ẹ ṣe ń bu ú sí i. Ẹ má bu ú kọjá ìdajì, torí ibi tí ẹ máa ṣẹ́ lókè gbọ́dọ̀ gùn.

Igi tí ẹ gé kúrò yẹn ni kí ẹ tò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kí omi má kọjá orí igi náà, kó sì ti máa hó kí mọ́ínmọ́ín tó wọlé. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ ti ń dì, ẹ máa fi omi gbígbóná kún un láti ẹ̀gbẹ́. Omi tútù á pa ooru. Omi púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ á wọ inú ewé. Ó máa ń gbà tó wákàtí kan. Ẹ má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà.

Ìbéèrè, láti Ìsàlẹ̀ Èkó: Tèmi dì, àmọ́ ó le, ó sì ń sán. Inú agolo ni mo ti ń sè é.

Ìdáhùn: Omi tàbí òróró ti kéré jù nìyẹn. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹ fi òróró ra inú agolo, kí ẹ má sì bu ú kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, torí ó máa ń wú.

Ìbéèrè, láti Yábàá: Ṣé mo lè lọ̀ ọ́ lálẹ́ kí n sè é láàárọ̀?

Ìdáhùn: Nínú ooru Èkó yìí, tó bá wà níta, á kan kí ilẹ̀ tó mọ́, àlùbọ́sà á sì mú kó yára. Ẹ bó ẹ̀wà lálẹ́, ẹ sẹ́ ẹ gbẹ, ẹ gbé e sí fíríìjì láìfi omi sí i, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ láàárọ̀. Tí iná ilé yín kò bá dúró, ẹ kúkú sè é lálẹ́ náà.