Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Ikùn Bá Yọ: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń yan gààrí ní apá Ìjẹ̀bú-Igbó bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọmọ náà kò lo ọ̀sẹ̀ 2. Nígbà tí a lọ kí i, ó gbé ọ̀rá oògùn tí wọ́n fún un ní sẹ́ńtà ìlera jáde. Páálí fólíìkì, oògùn fítámìnì tó ń dín ewu irú àbùkù yìí kù, wà níbẹ̀, kò ku ẹyọ kan. "Mo lò ó, n kò fo ọjọ́ kan," ló wí. Òótọ́ ló sọ. Oṣù karùn-ún oyún ló bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí a fi tẹ ìwé pélébé yìí nìyẹn. A kò ní kọ́ yín bí a ti ń forúkọ oyún sílẹ̀ tàbí bí a ti ń sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan là ń rí káàkiri oko: ẹ ń pẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fólíìkì.

Tí oyún bá ti dúró, nǹkan bí ọjọ́ 28 ni ibi tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa ń pa dé. Lọ́jọ́ náà, nǹkan oṣù kò tíì pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Ẹlòmíràn ṣì rò pé ibà ló ń ṣe òun. Fólíìkì oṣù karùn-ún wúlò fún ẹ̀jẹ̀, ẹ máa lò ó, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò tó ti ṣí. Ta ní ń gbé ajílẹ̀ lọ fún àgbàdo tó ti yọmọ tán? Aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, ẹ ń rà á sílẹ̀ kí Iléyá tó kù oṣù 3. Oògùn tí owó rẹ̀ kò tó owó ìránṣọ ni ẹ ń dúró dìgbà tí ikùn bá yọ kí ẹ tó wá.

Ìwọ̀n rẹ̀ rèé: máíkírógíráàmù 400, ẹyọ 1 lójúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ó kéré tán ní oṣù 1 ṣáájú oyún, oṣù 3 ló dára jù, kí ẹ sì máa lò ó títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Obìnrin tó ń bá ọkọ sùn tí kò sì ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Oyún kì í kanlẹ̀kùn.

Ẹ ka ara páálí. Kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn kẹ́mísìtì, mílígíráàmù 5 ni, ìlọ́po 12 àtààbọ̀ ohun tí a wí. Dókítà ló ń kọ ìyẹn: fún ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń lo oògùn wárápá (kó má sì dá oògùn wárápá dúró fúnra rẹ̀ o). Mílígíráàmù 5 lójúmọ́ tún lè ba iṣẹ́ SP jẹ́, oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e sí wẹ́wẹ́.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 7, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé bí obìnrin tó ti bí irú ọmọ yìí rí bá lo fólíìkì ṣáájú oyún, ewu pé yóò tún bí irú rẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé pe ìyá ọkọ ní àjẹ́. Àbùkù mìíràn sì wà tí kò sẹ́ni tó lè dènà rẹ̀.

Oúnjẹ ń ran oògùn lọ́wọ́, kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ọsàn, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí ẹ ti ń se ẹ̀fọ́: ẹ ó gé e wẹ́wẹ́, ẹ ó bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, ẹ ó fún un títí yóò fi dà bí òkèlè ẹ̀bà, omi ewé yóò wá dà sí gọ́tà. Inú omi yẹn ni oore ẹ̀fọ́ bá lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ dà á sínú ọbẹ̀, ìṣẹ́jú 3, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọtí: rárá. Paraga náà ọtí ni, àgbo tí wọ́n fi ọtí pa náà ọtí ni.

Ẹ̀yin ọkọ, obìnrin tó fẹ́ lóyún tàbí tó ti lóyún kò gbọdọ̀ po oògùn koríko, kò gbọdọ̀ pọnmi sí i. Ẹ fọ aṣọ tí ẹ fi fọ́n ọn fúnra yín, lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí kẹ́ẹ̀gì bá ṣófo, ẹ fomi ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sínú táǹkì tí ẹ fi ń fọ́n ọn, kí ẹ sì dá ìdí rẹ̀ lu. A rí ọ̀kan tí wọ́n fi gbé epo pupa lọ tà ní Òkè-Ajé.

Dókítà ti kọ mílígíráàmù 5 fún ìyá tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ 6. Kò tíì lóyún.