Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ọ̀rá Ara Yín Ti Pọ̀ Jù, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Dín In Kù

Iṣẹ́ Àbújá, iṣẹ́ ìjókòó ni. Láti Kubwa dé Central Area, inú mọ́tò. Ní ọ́fíìsì, orí àga. Tó bá dalẹ́, ó di ìdí súyà. Téèyàn bá wá lọ sílé fún ọdún, "Ara yìí mà dán o, owó ti dé" ni wọ́n á fi kí i, kò sì ní fura pé ikùn òun ni wọ́n ń kí.

Ọ̀rá fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ara ò lè ṣe kó má ní in. Nínú àtẹ tí American Council on Exercise, àjọ eré ìdárayá kan ní Amẹ́ríkà, ń lò, kò burú tí ọ̀rá bá jẹ́ ìdá 14 sí 24 nínú 100 ìwọ̀n ara ọkùnrin; ti obìnrin jẹ́ 21 sí 31, torí ọmọ bíbí. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni èyí tó sápamọ́ sínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Òun ló sún mọ́ ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru jù, ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì lè ní in.

Ẹ wá téèpù aránṣọ. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ ká aṣọ kúrò níkùn. Ẹ fi ìka wá ibi tí eegun ìhà tó kẹ́yìn parí sí, ẹ tún wá orí eegun ìbàdí; àárín méjèèjì ni kí téèpù gbà yíká. Ẹ má wọ̀n ọ́n níbi tẹ́ ẹ ń de bẹ́líìtì mọ́ o! Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń de ṣòkòtò sábẹ́ ikùn, tí wọ́n á máa fọ́nnu pé nọ́ńbà ṣòkòtò àwọn ò tíì yí padà. Ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé, kẹ́ ẹ wá wo iye tó jẹ́.

Kò gbọdọ̀ tó ìdajì gíga yín. Ẹni tó ga ní sẹ̀ntímítà 170, kí tiẹ̀ má tó 85. Àjọ ìtọ̀ ṣúgà àgbáyé, International Diabetes Federation, ní tiwọn ní kí ọkùnrin ilẹ̀ wa ṣọ́ra tó bá ti di 94, kí obìnrin ṣọ́ra tó bá ti di 80. Aláboyún ò sí nínú ìṣirò yìí.

Òṣùwọ̀n oníná tó ń sọ iye ọ̀rá wà lọ́jà, àmọ́ omi tẹ́ ẹ mu lè yí ohun tó máa sọ padà. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn ò gbọdọ̀ gùn ún.

Tó bá ti pọ̀ jù, ṣúgà inú ohun mímu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ẹ gba fùrá dà nónò tí wọn ò bu ṣúgà sí, ẹ se zóbò yín nílé. Ẹ sọ fún mai súyà pé "babu kitse", kó má ki ọ̀rá sáàárín ẹran. Zógálè, ìyẹn ewé mòríńgà, dáa, àmọ́ kúlíkúlí tí wọ́n ń dà lé e lórí, epo ló kún inú rẹ̀. Èmi ò ní ní kẹ́ ẹ má jẹ àmàlà. Òkèlè ni kẹ́ ẹ dín, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ká máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ní Millennium Park tàbí létí adágún Jabi ti tó, kí oòrùn tó mú. Ẹ fi ìdìde-ìjókòó tàbí gbígbé nǹkan wúwo kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó má lọ jẹ́ iṣan ara ni yóò máa joro. Tíì "afátíkùn" tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp ńkọ́? Ìgbẹ́ àti omi ló ń yọ, ọ̀rá wà níbi tó wà.

Kí ìwọ̀n ara yín fi ìdajì kílò sí kílò kan dín kù lọ́sẹ̀ ti tó. Kí ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà rí dókítà kó tó dín oúnjẹ kù, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà já wálẹ̀ lójijì. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ẹ ń rù láìṣe nǹkan kan, ẹ má dúpẹ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.