Ẹ fomi fọ ìbọn ẹlẹ́tù kẹ́ ẹ tó fepo kàn án

Látìgbà tí mo ti fi fọ́tò Remington mi, ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù, hàn yín níbi tí mo ti ń fomi fọ̀ ọ́, ohun kan náà lẹ ń bi mí: omi kẹ̀? Lára irin? Ṣé kò ní dógùn-ún ni? Omi ni o jàre. Omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ ìfọbọ́. Epo tẹ́ ẹ sáré fi ń pa á lẹ́yìn tẹ́ ẹ yìn ín tán gan-an ló ń bà á jẹ́.

Ẹ wò ó, nínú ẹ̀tù dúdú, saltpetre, iyọ̀ kan báyìí, kó bíi 75 nínú 100, èédú 15, imí ọjọ́ 10. Tó bá jó, kì í jó tán bíi ẹ̀tù òde òní, ohun tó ju ìdajì ẹ̀ lọ ló máa ń ṣẹ́kù, apá kan á bá èéfín lọ, ìyókù á lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Potash wà nínú ìdọ̀tí yẹn, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ nínú eérú èèpo kòkó láti fi ṣe ọṣẹ dúdú, tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sílẹ̀ láìdé, ńṣe lá máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí á fi rin. Ohun tó ń ṣe lára irin yín lóru nìyẹn. Iyọ̀ ni, omi ló sì ń yọ́ iyọ̀. Tẹ́ ẹ bá da epo mọ́tò lé e lórí, á kàn di ọ̀dà mọ́ yín lọ́wọ́ ni.

Èmi náà ò mọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọdún tí mo ra tèmi, níbí ní Texas, mo yìn ín láàárọ̀ Sátidé kan, ìsọmọlórúkọ wà nírọ̀lẹ́, mo ní tí mo bá dé màá fọ̀ ọ́, mo bá ta epo díẹ̀ sí i mo tì í sínú báàgì, aago méjì òru ni mo dé, Mọ́ńdè ni mo tó rántí. Sílíńdà, irin roboto oníhò mẹ́fà tá à ń rọ ẹ̀tù àti ọta sí, ò yí mọ́. Irin gbọọrọ tó gba àárín ẹ̀ kọjá há pátápátá, òòlù onígi ni mo fi lù ú jáde, inú bárẹ́ẹ̀lì sì ti pọ́n bíi páànù Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ bàbá bàbá mi ṣọdẹ lápá Òkè-Ògùn, kì í jẹ́ kílẹ̀ mọ́ bá ṣakabùlà ẹ̀ láìfọ̀, omi gbígbóná ni, tó bá gbẹ á fi òrí pa á. Ojú mi ló ń ṣe é. Mi ò kàn fi í ṣe ọgbọ́n ni.

Ó dáa, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Àkọ́kọ́, ẹ wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú ojú yín pé kò sọ́ta kò sẹ́tù níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ká gbogbo káàpù, ìdérí kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, kúrò. Tó bá jẹ́ Remington 1858, ẹ fa òòlù ẹ̀, irin ẹ̀yìn tó ń lu káàpù, dé ìdajì, ẹ já ọ̀pá abẹ́ bárẹ́ẹ̀lì wálẹ̀, ẹ fa irin àárín yẹn síwájú, sílíńdà á yí bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ti Colt, irú ìbọn ìléwọ́ mìíì, yàtọ̀, ẹ máa kọ́kọ́ ti wẹ́ẹ̀jì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó di bárẹ́ẹ̀lì mú, jáde, bárẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ á yọ, òun ló rọrùn láti fọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Remington ni mo fẹ́ràn. Ẹ tú igi ìdìmú kúrò, omi ò gbọdọ̀ kàn án. Lẹ́yìn náà ẹ fi spánà ẹ̀ tú nípùlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn orí ọmú kéékèèké tí káàpù ń jókòó lé yẹn, ẹ kó wọn sínú ife kan, tí ọ̀kan bá já bọ́ sínú síńkì ó ti lọ nìyẹn.

Gbogbo irin tó kù, ó di inú omi gbígbóná. Omi náà á dúdú bí omi aró lójú ẹsẹ̀, á máa rùn bí ẹyin tó ti kú, ẹ má bẹ̀rù, imí ọjọ́ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onídẹ ha inú bárẹ́ẹ̀lì àtàwọn ihò sílíńdà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fún ìta, abẹ́rẹ́ fún ihò nípùlù. Ẹ wo ìdí òòlù dáadáa, èérún káàpù tó fọ́ máa ń já síbẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ bu òmíì, títí aṣọ funfun tẹ́ ẹ bá tì bọnú bárẹ́ẹ̀lì á fi jáde ní funfun.

Omi tẹ́ ẹ máa fi ṣan án kẹ́yìn, kó gbóná débi pé irin á gbóná, torí irin gbígbóná ló ń tètè gbẹ. Àmọ́ ẹ má lọ dúró máa wò ó o, tẹ́ ẹ bá jáfara, nǹkan pupa fẹ́lẹ́ á ti yọ lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú tówẹ̀lì. Hair dryer ìyàwó mi ni mo fi ń fẹ́ kọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ẹ̀, kò tíì mọ̀.

Ìgbà yìí wá ni epo kàn. Ballistol àwọn ará Jámánì ni mo ń lò, torí òun àti omi kì í jà. Ẹ fi pa inú pa ìta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Irin àárín àti ojú ìdè nípùlù, gíríìsì ni tiwọn, èmi máa ń po ìda oyin mọ́ ọ̀rá màálù. Mo ti dán òrí wò rí, ó dáa, ṣùgbọ́n oòrùn Texas ń yọ́ ọ. Ẹ má de nípùlù le ju, kó ṣáà ti mú.

Àwọn súkúrù inú, ìdí tírígà níbẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ìjáde mẹ́rin márùn-ún ni mo ń tú wọn. Tí súkúdíráfà yín ò bá kún ojú súkúrù, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ máa bà á jẹ́ ni.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé Pyrodex, ẹ̀tù tí wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀tù dúdú, kì í mú ìbọn dógùn-ún. Irọ́ ni, ẹ fọ̀ ọ́ bákan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ báyìí, tó fi mọ́ oníkáàpù, òfin kà á léèwọ̀, ẹ má ra wàhálà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún ti aṣọ funfun bọ bárẹ́ẹ̀lì. Tó bá jáde ní pupa rúsúrúsú, ẹ padà sídìí omi. Tẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ lọ yìn ín, ẹ nu epo inú ihò kúrò kẹ́ ẹ tó rọ ẹ̀tù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ káàpù á dún, ọta ò ní jáde. Èmi máa ń kọ́kọ́ yin káàpù mẹ́fà lórí òfìfo, màá kọjú ẹnu ìbọn sí koríko gbígbẹ nílẹ̀. Tí koríko bá mì, ihò yẹn ti là.