Ẹ Ṣí Ìwé Ìṣirò fún Ẹni Inú Ìtàn

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn àtijọ́ wádìí bóyá owó ń mú ayọ̀ wá, kó má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn lójúkojú. Èmi ti bi wọ́n rí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lójú ọ̀nà Òkè-Àró, níbí l'Ákùúrẹ́, bí mo ṣe parí ni mo ní, "Ó dáa, ṣé owó ló ń fúnni láyọ̀?" Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀ bí ẹgbẹ́ akọrin: "Rárá o, Mọ̀mí!" Ìdáhùn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Èyí tó kéré jù nínú wọn wá ń kùn sábẹ́ ẹnu pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i ná." A rẹ́rìn-ín títí, ìtàn sì tú ká.

Ọ̀nà tí mo wá ń gbà báyìí rèé. Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí a fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, mo sì fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Lápá òsì la ń kọ owó tó wọlé fún ẹni inú ìtàn àti èyí tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí òǹkọ̀wé bá dá gan-an. Lápá ọ̀tún la ń kọ ohun tójú rí lọ́jọ́ náà: ta ló bá a jẹun, ṣé ó sùn, ta ni wọ́n jọ jà, ta ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀. A kì í kọ "inú rẹ̀ dùn" síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ ni yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ìtàn tó bá dárúkọ iye owó ni kí ẹ wá. Èyí tó ń pariwo "ọlọ́rọ̀, ọlọ́rọ̀" láìsọ iye, ẹ fi í sílẹ̀. Kó má sì gùn jù. Ìtàn kúkúrú láti ọwọ́ ará Faransé kan tó ń jẹ́ Guy de Maupassant, tó jáde lọ́dún 1884, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ìtàn ẹ̀gbà ọrùn. Mathilde ni orúkọ ìyàwó náà, akọ̀wé ìjọba ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n pè wọ́n sí àríyá ńlá, ó ní òun ò ní aṣọ. Ọkọ kó faranki 400 fún un, owó tó ti ń tọ́jú láti fi ra ìbọn tí yóò máa fi ṣọdẹ. Aṣọ délẹ̀ tán, ó ní ọrùn òun ṣófo. Ó lọ yá ẹ̀gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ olówó, ó jó dòru, ẹ̀gbà sì sọnù. Wọ́n ra òmíràn tó jọ ọ́ ní faranki 36,000, wọ́n sì fi ọdún 10 san gbèsè.

Ẹ má yí faranki sí náírà o. Mo gbìyànjú ẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́, ọ̀rọ̀ dọ́là la sọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ fi nǹkan inú ìtàn wọn nǹkan inú ìtàn. Aṣọ àríyá yẹn ni tẹ́ẹ̀pù wa: faranki 400. Ẹ̀gbà tí wọ́n fi rọ́pò jẹ́ aṣọ àádọ́rùn-ún. Ogún tí ọkọ jẹ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, 18,000, aṣọ márùndínláàádọ́ta, ìyẹn náà bá a lọ. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sọ níparí pé ayédèrú ni ẹ̀gbà tòun, pé kò lè ju 500 lọ, ọmọ mi kan ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀: "Aṣọ kan àti bọ́tìnnì!"

Apá ọ̀tún ló ṣòro níbi ìtàn yìí, ẹ fún un lákòókò. Wọ́n á fẹ́ kọ ọ́ pé ojúkòkòrò ló pa á. Ẹ dá wọn padà sí alẹ́ àríyá. Kí ló jẹ́ kó sáré jáde? Ọkọ rẹ̀ ló mú aṣọ ìborùn tó ń wọ̀ lójoojúmọ́ bò ó léjìká nítorí òtútù, Mathilde sì ń sá kí àwọn obìnrin tó wọ aṣọ onírun olówó ńlá má bàa rí i. Aṣọ ìborùn yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Èmi náà ti yá góòlù wọ lọ síbi ìyàwó rí. Gbogbo ìgbà ni mo ń fọwọ́ kan ọrùn, mi ò lè sọ oúnjẹ tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ náà.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni ti Silas Marner, tí George Eliot, òǹkọ̀wé obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ lọ́dún 1861. Mi ò fi bò pé nítorí pé ahunṣọ ni. Ìwé náà gùn, nítorí náà ẹ má kà á tán fún wọn, ẹ sọ ọ́. Ọdún 15 ló fi ń hun aṣọ lábúlé tí kò ti mọ ẹnì kan. Abẹ́ bíríkì ilẹ̀ ilé ló ń kó góòlù rẹ̀ sí, alaalẹ́ ló ń kó o jáde láti kà á. Ó pé pọ́n-ùn 272 àti ẹ̀yọ. Ẹ pín in sí ọdún 15, bíi pọ́n-ùn 18 lọ́dún. Apá ọ̀tún wá ńkọ́? Òfo. Àfi nǹkan kan: ìkòkò amọ̀ tó fi ń pọnmi. Ọdún 12 ló fi lò ó, ọjọ́ kan ó ṣubú, ó fọ́. Ó ṣa àfọ́kù rẹ̀, ó tò ó pọ̀, ó gbé e padà sáyè rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbomi mọ́. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn pinnu bóyá ìkòkò wọ apá òsì tàbí apá ọ̀tún. Tiwa jà lé e lórí fún wákàtí kan, a ò sì tíì parí ẹ̀.

Wọ́n wá jí owó náà. Apá òsì di òdo, ẹ sì wo ọ̀tún: ó sáré wọ ilé ọtí láti ké sí aráyé, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá. Lálẹ́ ọdún tuntun ọmọdé kan rá wọlé rẹ̀. Silas rò pé góòlù òun ló padà, ó fọwọ́ kàn án, irun ọmọ ni. Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí ibí ni wọ́n ti máa ń sọ pé òṣì dára. Ẹ bi wọ́n kí ni ọmọ yẹn jẹ. Owó iṣẹ́ òfì ni. Silas kò fìgbà kan kúrò nídìí òfì rẹ̀.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń mú tiwa tẹ̀ lé e. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, kọ Àdììtú Olódùmarè lọ́dún 1961. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ti tó, ibi tí òṣì ti lé ọmọ kúrò nílé wọ inú igbó. Ìpọ́njúdìran ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín orúkọ náà, lẹ́yìn náà wọn ò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Apá òsì òfo, apá ọ̀tún òfo.

Ẹ fi Pahom parí, àgbẹ̀ inú ìtàn Tolstoy, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, ti ọdún 1886. Kò ní pẹ́. Wọ́n ní kó san rúbù 1,000, owó Rọ́ṣíà, gbogbo ilẹ̀ tó bá lè fẹsẹ̀ rìn yí ká láti ìgbà tí oòrùn bá yọ ni tirẹ̀, bó bá ti lè padà síbi tó ti gbéra kí oòrùn tó wọ̀. N kò tilẹ̀ ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Lọ́dún 2024, nígbà tí kòkó kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, ìyàwó àgbẹ̀ kan láti apá Ìdànrè rán léèsì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dọ̀ wa. Ìgbà tó wá gba ẹ̀kẹta, ó ní ọkọ òun àti àbúrò rẹ̀ kì í kí ara wọn mọ́ nítorí ààlà oko. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi fúnra wọn ló rántí rẹ̀ nígbà tí a dé ibi tí Pahom, bó ṣe ra ilẹ̀ àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í bá aládùúgbò jà nítorí màlúù.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù. Ìgbà tí kò síná ni kí ẹ máa kà á, kí ẹnikẹ́ni máa ṣẹ́tí aṣọ lọ́wọ́. Bí iná bá dé, ẹ pa ìwé dé, kí oníkálukú padà sídìí máṣíìnì, oníbàárà ò ní gbọ́ ti Pahom. Iná tiwa dé nígbà tí Pahom ṣì ń sáré gun òkè tó ti gbéra bọ̀, tí oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Ẹnì kan ló dìde, òun náà kàn lọ pa fáànù kí òun lè gbọ́ mi dáadáa.