Òwe Ọlọ́rọ̀ àti Lásárù: bẹ́ ẹ ṣe lè kà á kó yé yín, kẹ́ ẹ sì fi kọ́ ẹlòmíì

Ẹ̀yin olórí kíláàsì àti tíṣà Sọ́ńdè sùkúù l'Àgbádárìgì níbí, àti ẹnikẹ́ni tó bá máa dúró níwájú èèyàn pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti kan òwe ọlọ́rọ̀ àti Lásárù tó wà nínú Lúùkù 16, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 19. Ẹ lọ sókè díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ 13 níbi tí Jésù ti ní èèyàn ò lè sin Ọlọ́run kó tún máa sin owó, kẹ́ ẹ wá ka ẹsẹ 14, ẹ máa rí i pé àwọn Farisí tó fẹ́ràn owó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì ń yọ ṣùtì sí i. Àwọn ló ń bá wí. Àwọn tó mọ ìwé òfin dáadáa, tí wọ́n lè kà á fún yín lórí, tí ọkàn wọn sì wà lọ́dọ̀ owó. Tẹ́ ẹ bá fo ibẹ̀ yẹn, ẹ máa rò pé bí ọ̀run ṣe rí ni Jésù fẹ́ júwe.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí kálukú mú bíró àti bébà, kí wọ́n fa ìlà sáàárín, apá kan fún ọlọ́rọ̀, apá kejì fún Lásárù. Kí wọ́n kọ ohun tí Bíbélì sọ nìkan, kí wọ́n má fi tiwọn kún un. Ọlọ́rọ̀ yẹn ń wọ aṣọ elésèé àlùkò, aró tí wọ́n fi ń pa aṣọ yẹn láyé ìgbà yẹn, ara ìgbín inú òkun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, owó gidi ni, kì í ṣe aṣọ mẹ̀kúnnù rárá. Ó ń jẹ ohun tó dùn lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ ọdún nìkan. Ó tán. Bíbélì ò sọ pé ó jalè, kò sọ pé ó lu Lásárù tàbí pé ó lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wá wo apá kejì: egbò kún ara ẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá èérún tó ń jábọ́ látorí tábìlì, ajá ń lá egbò ẹ̀. Ẹ ò ní rí i kọ pé ó ń gbàdúrà. Ẹ ò tiẹ̀ ní rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tẹnu Lásárù jáde látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a títí fúnra wọn, kí wọ́n rí i pé kò sí.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró pẹ́ sí jù ni ẹsẹ 23 sí 28. Àwọn méjèèjì ti kú, àwọn áńgẹ́lì gbé Lásárù lọ sọ́dọ̀ Ábúráhámù, ọlọ́rọ̀ yìí sì wà nínú iná, ó gbójú sókè, ó rí Lásárù, ó sì dárúkọ ẹ̀ fún Ábúráhámù. Háà! Ó mọ orúkọ ẹ̀! Gbogbo ọdún tí ẹni yẹn fi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wo ohun tó ní kí wọ́n fi ṣe: "Rán Lásárù" kó ti ìka bọ omi kó wá fi tù mí láhọ́n. Ábúráhámù ní kò ṣeé ṣe, torí ọ̀gbun ńlá wà láàárín wọn, ó tún ní kí wọ́n rán an lọ sílé bàbá òun. Iṣẹ́ ló ṣì fẹ́ máa rán ẹni tí kò fún lóúnjẹ. Kò bá Lásárù fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, kò ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú," Ábúráhámù tó jẹ́ ẹni ńlá ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ bi kíláàsì yín pé kí ló yí padà nínú ọkàn ọkùnrin yìí látìgbà tó ti kú, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ má tètè dá wọn lóhùn. Ẹnì kan máa rí i, tó bá sì ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kò ní gbàgbé mọ́. (Tí àgbàlagbà bá wà níbẹ̀ tó gbọ́ Ègùn ju Yorùbá lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa tú u fún wọn, ibí yìí ò yẹ kó fo ẹnikẹ́ni.)

Lẹ́yìn náà ẹ mú géètì wá sílé. Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa ní ìlú yìí, ọgbà ilé Ṣeríkí Abass, ọ̀gá oníṣòwò ẹrú láyé àtijọ́, ṣì wà níbẹ̀, yàrá 40 tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ wà nínú ọgbà kan náà tí olówó ń gbé, ó ń jẹ ó ń mu, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè sì wà nítòsí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti àtijọ́ sá fún tòní o. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń kọjá lẹ́nu géètì wọn láràárọ̀, ọmọ tó ń ṣa ike àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìyá tó ń gbá títì, ọlọ́dẹ tó ń sùn sórí bẹ́ǹṣì. Kí kálukú dárúkọ ẹnì kan péré.

Ìbéèrè kan wà tó máa jáde dandan, àwọn ìyá tó ń ta ẹja ló máa ń bi mí jù: ṣé torí pé Lásárù jìyà ló ṣe gba ìgbàlà? Ẹsẹ 25, níbi tí Ábúráhámù ti ní Lásárù jìyà láyé, àmọ́ ó ti wá rí ìtùnú, sì jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí Jẹ́nẹ́sísì 13:2, wọ́n á rí i pé Ábúráhámù tó gbé Lásárù sáyà yẹn fúnra ẹ̀, olówó ni, ó ní ẹran ọ̀sìn, fàdákà àti wúrà. Owó ò gbé e lọ sí iná. Ìṣẹ́ náà ò sì lè gbé èèyàn wọ ọ̀run. Lúùkù 18 ní ó ṣòro fún ọlọ́rọ̀, àmọ́ ohun tó ṣòro fún èèyàn ò ṣòro fún Ọlọ́run, ẹ kàn ṣí orí tó tẹ̀ lé e, ẹ máa bá Sákéù, olówó ni òun náà, Jésù wọ ilé ẹ̀, Sákéù sì ní òun máa fi ìdajì ohun ìní òun fún tálákà. Èmi ò gbà pé ó fi owó ra ìgbàlà, Jésù ti kọ́kọ́ pè é sọ̀kalẹ̀ látorí igi kó tó sọ̀rọ̀ owó. Ìgbàlà ló ṣí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ bí ọ̀run ṣe rí, ẹ má jẹ́ kó gba gbogbo àkókò yín. Àwọn kan ní ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni torí pé Jésù dárúkọ Lásárù, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni báyẹn nínú àwọn òwe ẹ̀ yòókù, àwọn míì ní òwe ni. Lójú tèmi òwe ni, àmọ́ ohun tó fi ń kìlọ̀ kì í ṣe eré, ọ̀gbun yẹn ò ṣeé fò lẹ́yìn ikú. Ẹ ṣáà rántí pé àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yẹn ṣì wà láàyè, nítorí náà ọjọ́ ìdájọ́ tó wà nínú Ìfihàn 20 ò tíì dé nínú ìtàn yìí. Lásárù inú Jòhánù 11 yàtọ̀ pátápátá, ẹ má pò ó pọ̀.

Ìparí ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn arákùnrin ọlọ́rọ̀ yẹn márùn-ún ṣì wà nílé bàbá ẹ̀, ó fẹ́ kí òkú jí lọ kìlọ̀ fún wọn, Ábúráhámù ní wọ́n ní Mósè àti àwọn wòlíì, kí wọ́n gbọ́ tiwọn. Àwa náà rèé, fídíò ẹni tó kú tó jí ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. 1842 ni wọ́n ti wàásù ìyìn rere lábẹ́ igi Àgíà níbí, igi yẹn wó ní 1959, Bíbélì Yorùbá odindi sì ti wà látọdún 1884, kí ló kù tá a fẹ́ kí òkú wá sọ? Jésù fúnra ẹ̀ tó jíǹde, ní ọ̀nà Ẹ́máúsì nínú Lúùkù 24, ọ̀dọ̀ Mósè àti àwọn wòlíì náà ló ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Tí àkókò ò bá tó, ẹ ka ẹsẹ 13 sí 14, 19 sí 21, àti 27 sí 31, kẹ́ ẹ fi yòókù sílẹ̀ di ìgbà míì. Kẹ́ ẹ tó tú ká, ẹ fún wọn ní Deutarónómì 15:7 sí 11 àti Aísáyà 58:7 lọ sílé, torí ohun tí Mósè àti wòlíì sọ nípa ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ wá mú Sákéù.