Bí Sítíárìn Ọkọ̀ Fọ́ọ̀-Wíìlì Tó Ti Pẹ́ Bá Ń Gbọ̀n Lórí Eré: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì tó ń kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ jáde láti oko ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ti dàgbà. Hilux, Land Cruiser, Patrol, Pathfinder, L200 àti Land Rover tó ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń ṣe é bí iṣẹ́. Àìsàn kan tó wọ́pọ̀ lára wọn ni pé sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí eré bá dé ìwọ̀n kan. Lójú ọ̀nà oko, níbi tí èèyàn kì í ti í sáré ju 30 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kò ní hàn rárá. Ó di ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọkọ̀ bọ́ sí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tàbí ọ̀nà Oǹdó sí Orè, kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

Iye eré tí gbígbọ̀n náà ti ń bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ ní àkókò náà, ni yóò tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan. Ẹni tó bá kàn wọ ọgbà mẹkáníìkì, tó ní ọkọ̀ òun ń gbọ̀n, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi kún un, ti yọ̀ǹda kí wọ́n máa fi pààtì dánra wò lára ọkọ̀ rẹ̀, lórí owó ara rẹ̀.

Ẹ wa ọkọ̀ náà kí ẹ tó tú u

Ẹ wá ibi tí ọ̀dà rẹ̀ tẹ́jú, tí ọ̀nà rẹ̀ gùn tó sì tọ́, tí ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa. Ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò máa wo mítà eré tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa kọ nǹkan. Ẹ rọra gbé eré láti 40 sí 50, láti 50 sí 60, títí dé ibi tí òfin àti ojú ọ̀nà bá gbà yín láyè mọ. Ẹ kọ iye eré tí gbígbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, iye tó ti le jù, àti bóyá ó tún rọlẹ̀ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú bóyá ọwọ́ tó di sítíárìn ló ń gbọ̀n tàbí ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ìjókòó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tàbí ṣáàfùtì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ láti gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀, ni kí ẹ fura sí.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré tó ń gbọ̀n yẹn gan-an, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí túrótù, kí ẹ gbé jíà sí fíríì, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí gbígbọ̀n kò bá dá, ohun tó ń bá táyà yí ló ń fà á, ṣáàfùtì náà sì lè wà lára wọn. Bí ó bá dá lẹ́sẹ̀kan náà, ẹ yẹ ṣáàfùtì àti àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé wò. Ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn láti fi dán an wò o: bírékì á le, sítíárìn á wúwo, àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ wà tí sítíárìn wọn á há pátápátá bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́.

Ìṣirò díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó yẹ kí onímọ́tò mọ̀. Táyà 265/70R16, tó wọ́pọ̀ lára irú ọkọ̀ yìí, ń rin nǹkan bíi mítà 2.44 nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí. Lórí eré 90, ọkọ̀ ń rin mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó já sí pé táyà ń yí bí ìgbà mẹ́wàá láàárín àkókò yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ṣáàfùtì tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn máa ń yí bí ìgbà mẹ́rin kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn bí ogójì ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyí tí àìsàn táyà fi ń mi sítíárìn lọ́wọ́ ẹni, tí ti ṣáàfùtì sì ń kùn lábẹ́ ìjókòó bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n tàn ní ilé kejì.

Amọ̀ àti òjé

Bí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ láàárín 80 sí 100, tó wà lọ́wọ́ yín, tó sì ń rọlẹ̀ bí eré bá kọjá ibẹ̀, ẹ má tíì pe mẹkáníìkì. Ẹ̀yìn rímù ni kí ẹ lọ wò. Ní àsìkò òjò, ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko ní apá Ìdànrè, Bọ̀lọ́rundúró àti Ilé-Olújì máa ń wọ inú rímù láti ẹ̀yìn, níbi tí ojú ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í dé. Bí ó bá gbẹ mọ́jú, omi inú korobá kò lè tú u mọ́.

Amọ̀ 50 gíráàmù kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan etí rímù, lórí eré 90 ó ń fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ ìwúwo kìlógíráàmù mẹ́rin, ó sì ń fà á yípo, sókè, síwájú, sísàlẹ̀, sẹ́yìn, ní ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí eré bá dín sí 45, agbára náà á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, bíi kìlógíráàmù kan péré, ọwọ́ kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lójú títì fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín ìgboro.

Ẹ mú iná tọ́ọ̀ṣì àti igi tí ẹ gbẹ́ lẹ́nu, kí ẹ wo ẹ̀yìn rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi igi náà yọ amọ̀ tó bá wà níbẹ̀. Ẹ má lo irin, kí ẹ má baà ba ọ̀dà rímù jẹ́ tàbí kí ẹ gún páìpù bírékì. Yóò máa já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, àwòrán ẹ̀yìn rímù á sì hàn lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó bá òjé kékeré nínú rẹ̀ tó ti bá a jáde. Òjé yìí ni wọ́n fi ń mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba yípo. Níbi tí òjé bá ti bọ́, àmì rẹ̀ máa ń wà létí rímù, ojú ibẹ̀ á mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà fẹ́ báláńsìn.

Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ báláńsìn, wọ́n wà ní Àkúrẹ́, wọ́n sì wà ní ìlú Oǹdó. Ẹ fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fi òjé sí etí inú àti etí òde, nítorí rímù fífẹ̀ tí wọ́n bá fi òjé sí ní ẹ̀gbẹ́ kan péré kì í sábà dọ́gba. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta aláímẹ̀ǹtì, ìyẹn títún ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjú sí ṣe, fún yín dípò báláńsìn. Aláímẹ̀ǹtì wúlò fún ọkọ̀ tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tó ń jẹ táyà. Kì í wo gbígbọ̀n tó ń wá lórí ìwọ̀n eré kan. Lójú tèmi, owó tí wọ́n ń ná sórí aláímẹ̀ǹtì tí ọkọ̀ kò bèèrè ju èyí tí wọ́n ń ná sórí táyà gidi lọ.

Táyà fúnra rẹ̀

Bí báláńsìn kò bá wò ó, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lọ sẹ́yìn, kí ẹ gbé ti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kí ẹ tún wa ọkọ̀ lọ sí ibi kan náà. Bí gbígbọ̀n bá ṣí kúrò lọ́wọ́ lọ sí ìjókòó, ẹ ti mú olè náà: táyà tàbí rímù ni. Kò ná yín ju jáàkì àti sípánà lọ.

Ẹ wo táyà kọ̀ọ̀kan fínnífínní. Ibi tó bá wú, ní ẹ̀gbẹ́ tàbí láàárín eyín rẹ̀, túmọ̀ sí pé wáyà inú rẹ̀ ti ń bọ́ lára rọ́bà, a kò sì gbọdọ̀ wa irú rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ sí oko nìkan. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó ga tó ń dán, kó sì ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà, ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ tí ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eyín táyà, kí ẹ sì rọra máa yí i. Bí àlàfo àárín igi àti táyà bá ń fẹ̀ tó tún ń há, táyà kò rí róbótó mọ́ tàbí rímù ti tẹ̀. Ibi tí a ti já wọ kòtò lọ́nà ló sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ti jẹ láàárín rímù àti sítíárìn

Ilẹ̀ tó le, tó tẹ́jú, ni kí ẹ ti ṣe èyí. Ẹ fi ìdènà sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà tí kò ní gbé sókè, kí ẹ sì fi ìtì igi tó nípọn gbé ṣáàsì ró. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì lè fọ́ lójijì. Ẹ di táyà iwájú mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ fà á kí ẹ tì í. Bí ó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bírékì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Bí mímì náà bá dá nígbà tí ó tẹ bírékì, bíárìn ẹsẹ̀ ló ti jẹ tàbí ló fẹ́ fífún. Bí kò bá dá, ó wà ní bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn oríkèé tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yà sọ́tùn-ún sósì, tàbí ní kínpìn, tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọkọ̀ tí ákísù iwájú rẹ̀ jẹ́ odindi, ìyẹn irin kan ṣoṣo láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ di táyà mú ní ọwọ́ òsì àti ọ̀tún rẹ̀. Mímì tó bá wà níbẹ̀ sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ táí-ròdù wá, ìyẹn ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí ẹsẹ̀ iwájú. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín sórí orí táí-ròdù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti jẹ á máa kan yín lọ́wọ́ kékeré kékeré, ká tó rí i lójú.

Gbígbọ̀n tó ń bẹ́ lójijì

Ọ̀tọ̀ ni ti ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́ẹ́ lórí 60 sí 80, tó sì já wọ kòtò kan, tí sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í jà sọ́tùn-ún sósì débi pé ọwọ́ kò fẹ́ẹ̀ lè dì í mú, tí kò sì ní dá títí eré yóò fi wálẹ̀ gan-an. Àwọn ọkọ̀ tí ákísù iwájú wọn jẹ́ odindi ni ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: Patrol àtijọ́, Land Cruiser 70 àti 80, Defender. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ di sítíárìn mú ṣinṣin láì bá a jìjàkadì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí túrótù, ẹ rọra tẹ bírékì, kí ẹ sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ má ṣe tẹ bírékì gbàgà.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà fún onímọ́tò nígbà náà ni ṣọ́ọ̀kì sítíárìn, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì kékeré tó dábùú síwájú. Ìkẹyìn ló yẹ kó jẹ́. Ṣọ́ọ̀kì tuntun lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ fún oṣù díẹ̀, nígbà tí ohun tó ń fà á ń jẹ sí i lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yẹ bíárìn kínpìn wò lákọ̀ọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti tú, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ní ohun tó ń dá a dúró mọ́. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á yọ táí-ròdù kúrò, á fi ìwọ̀n onísípíríǹgì fa apá tó ń yí ẹsẹ̀ náà, á sì fi iye tó rí wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yẹn. Lẹ́yìn kínpìn ni rọ́bà búṣìn tó wà létí ọ̀pá gígùn tó so ákísù mọ́ ṣáàsì, fún ọkọ̀ tó bá ní in. Ẹ ní kí ẹnì kan máa yí sítíárìn, kí ẹ wò ó bóyá etí ọ̀pá náà ń rìn nínú ihò rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orí táí-ròdù àti àpótí sítíárìn, pàápàá àwọn bóòtù tó dè é mọ́ ṣáàsì. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé ga, tí wọ́n sì ki táyà ńlá ẹlẹ́yín gàdàgbà sí, a máa tètè kó àìsàn yìí.

Àwọn ìyókù

Gbígbọ̀n tó ń wá kìkì nígbà tí ẹ bá tẹ bírékì sábà máa ń jẹ́ ti dísìkì bírékì. Wọ́n lè fá a, bí kò bá ti tín-ín-rín ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbóná ju èkejì lọ lẹ́yìn ìrìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bírékì rẹ̀ ló há.

Fún ọkọ̀ tó ní họ́bù tí à ń fi ọwọ́ yí sí FREE tàbí LOCK láàárín ẹsẹ̀ iwájú, FREE ni kó wà lórí ọ̀dà, kí jíà fọ́ọ̀-wíìlì sì wà ní 2H, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ti ń gba agbára. Bí gbígbọ̀n bá yí padà nígbà tí ẹ yí họ́bù padà, lórí eré kan náà, ẹ wo kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn oríkèé, ṣáàfùtì iwájú. Defender ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo, nítorí náà èyí kò kàn án. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tú ṣáàfùtì gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí ó ti so pọ̀, kí ó lè dá a padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbígbọ̀n tuntun lè bá yín wálé.

Lẹ́yìn àtúnṣe èyíkéyìí, ẹ fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe yípo, kí rímù lè jókòó dọ́gba. Nọ́ọ̀tì rímù irin kì í sábà bá rímù alúmíníọ̀mù mu, nítorí náà ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ẹ tún wọn fún lẹ́yìn 100 kìlómítà. Kí ẹ sì padà sí ojú ọ̀nà tí ẹ ti kọ́kọ́ dán ọkọ̀ wò, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà, lórí eré kan náà àti pẹ̀lú irú ẹrù kan náà, kí ẹ tó san owó tó kù fún mẹkáníìkì.