Bí mo ṣe gba iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè dókítà ní Yúróòpù

Ẹni tó bá ti gboyè dókítà (PhD) tán, ìbéèrè àwọn ará ilé kì í tán: "Ìwé wo lo tún fẹ́ lọ kà?" Kì í ṣe ìwé o, iṣẹ́ ni. Owó Marie Skłodowska-Curie tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń ná ni mo béèrè fún. Yunifásítì tó bá gba èèyàn á fún un ní ìwé àdéhùn, á sì máa san owó oṣù fún un bíi òṣìṣẹ́ yòókù.

Kí n tó wo fọ́ọ̀mù rárá, ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbà mí ni mo kọ́kọ́ wá, torí láìsí onítọ̀hún, asán ni. Àrùn mósáíìkì inú ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ mi dá lé, kòkòrò funfun wínníwínní tó ń gbé e káàkiri ni mo sì fẹ́ gbájú mọ́. Ni mo bá wo Yunifásítì Wageningen ní Netherlands, tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ kòkòrò dunjú. Mo ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà dáadáa, mo wá kọ í-meèlì ṣókí. Kì í ṣe irú lẹ́tà tiwa tí ìkíni nìkan máa ń gba ìdajì ojú ìwé. Mo là á mọ́lẹ̀ pé ohun tó wà nínú àtẹ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde kò bá ohun tí mo rí lóko l'Ísẹ́yìn mu, mo sì sọ bí mo ṣe fẹ́ wádìí ẹ̀. Èsì tó dé, ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Inú mi dùn: ta ló máa ń bi ẹni tí kò fẹ́ gbà ní ìbéèrè?

Nínú òfin wọn, kò gbọ́dọ̀ tíì ju ọdún 8 lọ tí èèyàn ti gboyè dókítà, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ ti gbé orílẹ̀-èdè tó ń lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú gbèdéke. Ìyẹn ló ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ti kàwé lọ́hùn-ún.

Ojú ìwé 10 ni wọ́n fún wa láti fi ṣàlàyé iṣẹ́. Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ gba máàkì 50, àǹfààní rẹ̀ 30, ètò ṣíṣe rẹ̀ 20. Má fojú di 20 yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ oṣù tí n óò bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò, àti ohun tí n óò ṣe bí gbogbo wọn bá kú sínú ilé-gíláàsì.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́ Brussels ni wọ́n ń tilẹ̀kùn, aago 4 nílé wa nínú oṣù kẹsàn-án. A ti tètè fi tiwa ránṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ iná; ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí gbèdéke tó pé.

Oṣù kejì lèsì jáde. Ẹni tó gba 85 sókè tí owó ò kàn, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí Seal of Excellence, tí àwọn ìjọba kan ń tìtorí ẹ̀ fún èèyàn lówó. Tèmi wọlé, ìwé àdéhùn dé, mo sì gbé e lọ fi wá físà.